Ẹni tí ó Lé Eku Mẹ́ta: Ìtàn Àìná Ọnàbólú Ayàwòrán

Àwọn baba wa a máa wí pé ẹni tí ó bá lé eku méjì a pòfo. Àwa olùkọ́ ti fi òwe yìí bá ọmọ púpọ̀ wí. Ní Ṣáṣá níbi tí a ń gbé, ní ilẹ̀ Àwórì ti Alímọ̀ṣọ́, ó ṣòro kí a wọ kíláàsì kan kí a má bá ọmọ kan níbẹ̀ tí ń ya ojú ènìyàn sí ẹ̀yìn ìwé ìṣirò rẹ̀. Àwa fúnra wa ti gba irú ìwé bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ ọmọ kan rí, a sì fà á ya lójú àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Ọmọ náà kò sunkún. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà wá ni kò ti ya àwòrán níwájú wa mọ́, bẹ́ẹ̀ ni kò sì bi wá ní ìbéèrè kankan mọ́. Ojú ọmọ yìí ni ó wà lọ́kàn wa bí a ti jókòó láti kọ ìtàn yìí. Ǹjẹ́ ó ṣeé ṣe kí ènìyàn kan ṣoṣo ya àwòrán, kí ó kọ ìwé, kí ó sì rin ìrìn àjò, kí ó má sì pòfo? Ọkùnrin kan ti dán an wò rí ní Èkó wa yìí. Ẹ jẹ́ kí a gbọ́ bí ó ti rí fún un.

Orúkọ rẹ̀ ni Àìná Ọnàbólú. Ìjẹ̀bú-Òde ni a bí i sí ní ọdún 1882. Láti kékeré ni ó ti ń wo àwòrán inú ìwé àti ìwé ìròyìn òyìnbó, tí ó sì ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ yà wọ́n tẹ̀lé e. Kò sí olùkọ́ tí ó ń tọ́ ọ sọ́nà.

Kí a tó lè mọ bí ohun tí ó dáwọ́ lé ti ṣòro tó, ó yẹ kí a rántí bí ìgbà náà ti rí. Àwọn baba wa ti ń gbẹ́ igi, wọ́n ti ń rọ idẹ, wọ́n sì ti ń fín igbá láti ayébáyé. Ṣùgbọ́n púpọ̀ nínú àwọn tí ó mú ẹ̀kọ́ ìwé tọ̀ wá wá ka iṣẹ́ wọ̀nyí sí ohun ìbọ̀rìṣà. Ẹ̀wẹ̀, ọ̀pọ̀ òyìnbó ní i lọ́kàn pé ọwọ́ ènìyàn dúdú kò lè ya ojú ènìyàn kí ó jọ ẹni tí a yà. Àwòrán yíyà kò sì sí nínú ẹ̀kọ́ ilé-ìwé. Nítorí náà, ọmọ tí ó bá fẹ́ yàwòrán kò rí ẹni tí yóò kọ́ ọ, kò sì rí ẹni tí yóò gbà pé ó lè mọ̀ ọ́n.

Nígbà tí Ọnàbólú parí ẹ̀kọ́ rẹ̀ ní Èkó, kò wí pé òun kò ní ṣe ohun mìíràn bí kò ṣe àwòrán. Ó gba iṣẹ́ akọ̀wé lábẹ́ ìjọba, ó sì wà nídìí rẹ̀ fún nǹkan bí 20 ọdún. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ kíyè sí èyí dáadáa. Iṣẹ́ ọ́fíìsì ni ó ń bọ́ ọ, kò sì fi dandan mú àwòrán láti bọ́ òun kí ó tó gbó. Lábẹ́ iṣẹ́ ọ́fíìsì yìí náà ni ó ti ya àwòrán Ìyáàfin Spencer Savage ní ọdún 1906, nígbà tí ó jẹ́ nǹkan bí ọmọ ọdún 24. Ọ̀dà tí a fi omi pò ni ó fi yà á. Títí di òní, nígbàkígbà tí a bá ń sọ ìbẹ̀rẹ̀ irú àwòrán bẹ́ẹ̀ ní Nàìjíríà, orí àwòrán yìí ni a ti ń bẹ̀rẹ̀.

Ọdún 1920 ni ohun mẹ́ta náà pàdé ní ọwọ́ rẹ̀. Ní ọdún náà ó ya àwòrán Dókítà Ògúntọ́lá Sàpárà, oníṣègùn tí ó bá àrùn ìgbóná jà kíkankíkan ní Èkó. Ní ọdún náà bákan náà ni ó kọ ìwé kékeré kan tí ó pè ní A Short Discourse on Art, kí àwọn ará ìlú rẹ̀ lè mọ ohun tí iṣẹ́ ọnà jẹ́. Lẹ́yìn èyí ó wọ ọkọ̀ ojú omi, ó di Lọ́ńdọ̀nù, sí ilé-ẹ̀kọ́ àwòrán ti St John's Wood. Ó dé Paris pẹ̀lú, ó sì kọ́ ẹ̀kọ́ díẹ̀ ní ilé-ẹ̀kọ́ Julian. Ó ti lé ní ọmọ ọdún 35 nígbà náà, ọjọ́ orí tí àwọn ẹlòmíràn a máa wí pé ẹ̀kọ́ ti kọjá lórí àwọn.

Kí ni ó wá lọ títí dé ibẹ̀? Ọmọ tí kò bá dé oko baba ẹlòmíràn rí a ní kò sí oko tí ó tó ti baba òun. Ọnàbólú mọ ohun tí kò sí ní oko tirẹ̀, ohun náà ni ó sì lọ mú wá: bí egungun àti iṣan ara ènìyàn ti tò, àti bí ohun tí ó jìnnà ṣe ń rí lójú. Bí ẹ bá fẹ́ mọ èyí kejì, ẹ dúró létí títì Ṣáṣá ní òwúrọ̀, kí ẹ wo ọ̀ọ́kán. Òpó iná tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín ga fíofío. Èyí tí ó tẹ̀lé e kéré díẹ̀. Èyí tí ó wà lókèèrè kò ju igi ìṣáná lọ. Etí títì méjèèjì, tí a mọ̀ dájú pé wọn kì í pàdé, dàbí ẹni pé wọ́n fẹ́ di ọ̀kan. Láti gbé èyí sórí bébà pẹ̀lú ìwọ̀n tí kò yẹ̀ jẹ́ ọgbọ́n tí a ń kọ́, kì í ṣe idán. Ọnàbólú tẹnu mọ́ ọn tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn ọmọ ilé-ìwé fi sọ ọ́ ní Mr. Perspective.

Ní ọdún 1922 ó padà sí Èkó. Ó lè jókòó sí ilé rẹ̀ kí ó máa ya àwòrán àwọn ọlọ́lá. Ṣùgbọ́n ó ń ti ilé-ìwé kan bọ́ sí òmíràn láti kọ́ àwọn ọmọ, tí King's College àti CMS Grammar School wà nínú wọn. Nígbà tí ó rí i pé iṣẹ́ náà pọ̀ ju agbára ẹnì kan lọ, ó bẹ ìjọba pé kí wọ́n wá olùkọ́ mìíràn wá, Kenneth Murray sì dé láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní ọdún 1927.

Níhìn-ín ni ìtàn náà ti ní ẹ̀kọ́ tí ó le nínú. Murray kò fẹ́ kí àwọn ọmọ máa tẹ̀ lé ọ̀nà òyìnbó nìkan. Ó fẹ́ kí wọ́n wo abúlé wọn, ọjà wọn àti iṣẹ́ ọwọ́ àwọn baba wọn. Ní ọdún 1937 ó kó iṣẹ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ lọ sí Lọ́ńdọ̀nù fún àfihàn, ti Ben Enwonwu sì wà níbẹ̀. Ta ni ó jàre? Àwa gbà pé Ọnàbólú ní láti kọ́kọ́ fi hàn pé ọwọ́ wa lè ṣe ohun tí wọ́n ní kò lè ṣe. Ẹni tí a bá fi ẹ̀sùn kan ni í wá ẹ̀rí. Ṣùgbọ́n ẹ̀rí mìíràn ti wà nílé. Ní ọdún 1924, ọdún méjì péré lẹ́yìn tí ó dé, wọ́n gbé ilẹ̀kùn ààfin Ìkẹ́rẹ́, iṣẹ́ ọwọ́ Ọlọ́wẹ̀ ará Ìsẹ̀, lọ sí àfihàn ńlá ti Wembley, ó sì wọ àwọn òyìnbó lójú débi pé wọ́n fi ìtẹ́ tí wọ́n ṣe ní ilẹ̀ wọn pààrọ̀ rẹ̀ lọ́wọ́ Ògògà. Ọlọ́wẹ̀ kò kọ́ iṣẹ́ lọ́wọ́ òyìnbó kankan.

A kò sì gbọdọ̀ fi iye tí ó ná Ọnàbólú pamọ́. Wákàtí tí a bá fi kọ́ ọmọ kì í tún padà di wákàtí àwòrán; olùkọ́ tí ó bá ń ka ìtàn yìí mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ìwé kékeré ni ó kọ, kì í ṣe ìwé ńlá. Ohun mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kò dọ́gba ní ayé rẹ̀, kò sì gbìyànjú láti mú wọn dọ́gba. Ní ìgbà kan, ọ́fíìsì àti àwòrán ni. Ní ìgbà kejì, ìwé àti ìrìn àjò. Ní ìgbà ìkẹyìn, ọmọ ilé-ìwé. Nígbà tí ó kú ní ọdún 1963, ẹ̀kọ́ àwòrán ti fi ẹsẹ̀ múlẹ̀ ní ilé-ìwé wa. Àwọn mìíràn sì ti tẹ̀ lé e, bí Akínọlá Láṣekàn ọmọ Ọ̀wọ̀, tí a bí ní ọdún 1916, ẹni tí ó ń ya àwòrán ọ̀dà, tí ó sì tún ń fi àwòrán ẹ̀fẹ̀ bá ìjọba òyìnbó wí nínú ìwé ìròyìn West African Pilot.

Ẹ jẹ́ kí a padà sí òwe wa. Òtítọ́ ni pé ẹni tí ó bá lé eku méjì a pòfo. Ṣùgbọ́n nígbà tí a wo ayé ọkùnrin yìí fínnífínní, a rí i pé eku kan ni ó lé. Àwòrán ni eku náà. Ìwé tí ó kọ àti ọ̀nà tí ó rìn dàbí ajá àti àdá lọ́wọ́ ọdẹ: kò sí ẹni tí yóò wí fún ọdẹ pé kí ó ju ajá sílẹ̀ nítorí pé ó mú àdá dání. Àwọn baba wa kan náà ni ó sì wí pé ọ̀nà kan kò wọ ọjà.

Ẹ̀yin ọmọ, ẹ mọ eku tí ẹ ń lé, kí ẹ tó máa ka iye ohun tí ó wà lọ́wọ́ yín. Ẹ má sì fi ojú tín-ín-rín wo iṣẹ́ tí yóò máa bọ́ yín títí dìgbà náà. Ẹ̀yin olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ wa, kí ẹ tó gba ìwé lọ́wọ́ ọmọ, ẹ wò ó ná bóyá ojú tí ó yà jọ ẹni tí ó yà.

Ní ti àwa, a ti ra ìwé kan tí kò ní ìlà nínú. Ó wà nínú àpótí tábìlì wa ní ilé-ìwé, a kò sì tíì kọ orúkọ sí i. Ọmọ tí a fa ìwé rẹ̀ ya ni ó ni ín. A ó fi lé e lọ́wọ́ lójú àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, bí a ti fa ti ìṣáájú ya lójú wọn.