ÈBÚTÉ ENGLISH HARBOUR NÍ ERÉKÙṢÙ ÁŃTÍGÚÀ: LÁTI ORÍ ỌKỌ̀ OGUN DÉ ORÍ ỌKỌ̀ AFẸ́

Ohun mẹ́ta ni atukọ̀ ń wá kí ó tó ju ìdákọ̀ró: omi tí ó jìn tó, ìsàlẹ̀ omi tí ìdákọ̀ró lè mú ṣinṣin, àti òkè tí yóò dí ẹ̀fúùfù. Èbúté English Harbour, ní gúúsù erékùṣù Áńtígúà nínú òkun Kàríbíánì, ní mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ọkọ̀ tí àkọsílẹ̀ kọ́kọ́ dárúkọ pé ó wọ ibẹ̀ ni Dover Castle, ní ọdún 1671. Ọkọ̀ fẹ́ẹ́rẹ́ ni, irú èyí tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní yacht, tí gómìnà àwọn erékùṣù Leeward fi ń bẹ àwọn erékùṣù rẹ̀ wò, tí ó sì fi ń lé àwọn ọlọ́ṣà ojú òkun. Kì í ṣe àwọn olówó ayé òde òní, nígbà náà, ni ó kọ́kọ́ mú irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ dé ibẹ̀, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé iṣẹ́ ti ìṣáájú kì í ṣe iṣẹ́ afẹ́.

Ìjì líle ni ó sọ èbúté náà di ohun tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì kò lè fojú fò dá. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 1723, ìjì jà ní Áńtígúà, ó sì ti ọkọ̀ 35 tí ó wà ní àwọn èbúté mìíràn gun orí ilẹ̀. Ọkọ̀ ogun méjì, Hector àti Winchelsea, wà ní English Harbour. Ohunkóhun kò ṣe wọ́n. Ní 1728 ni a kọ́ ibùdó àtúnṣe ọkọ̀ àkọ́kọ́ sí apá ìlà-oòrùn èbúté náà. Láàrin àwọn ọdún 1740 ni a bẹ̀rẹ̀ èyí tí ó wà ní apá ìwọ̀-oòrùn, tí a ṣì ń rí títí di òní. Nínú omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ bẹ́ẹ̀, kòkòrò a máa jẹ ìdí ọkọ̀ onígi, èpò òkun a sì máa bò ó. A ní láti kó ẹrù inú ọkọ̀ kúrò, kí a so okùn mọ́ òpó rẹ̀, kí a sì máa fi ẹ̀rọ tí ènìyàn púpọ̀ ń tì yípo fà á títí yóò fi dẹ̀gbẹ́, kí a tó lè ha ìdí rẹ̀, kí a sì tún un kàn. Níbi tí omi kò bá ti dákẹ́ rọ́rọ́, ẹnikẹ́ni kò jẹ́ dán an wò.

Ta ni ó wá kọ́ ibùdó náà? Àwọn ẹrú tí a kó wá láti inú oko ìrèké àyíká ni. Àwọn ni ó ṣiṣẹ́ ilé ìkẹ́rù-sí, tí wọ́n sì kó ilẹ̀ di etí omi kí ọkọ̀ lè rí ibi gúnlẹ̀. Ọdún díẹ̀ ṣáájú, ní 1736, àṣírí ọ̀tẹ̀ kan tú ní erékùṣù náà. Olórí rẹ̀ ni Court, ẹrú tí a mú wá láti Gold Coast. Ènìyàn 88 ni a pa nítorí rẹ̀. 77 nínú wọn ni a dáná sun. Ẹni tí kò bá fi ọ̀rọ̀ yìí sí ẹ̀gbẹ́ ti ibùdó náà kò lè mọ ohun tí àwọn ọkọ̀ ogun ń ṣọ́. Owó ìrèké ni wọ́n ń ṣọ́.

Horatio Nelson dé ibẹ̀ ní 1784 gẹ́gẹ́ bí ọ̀gá ọkọ̀ Boreas, ó sì kúrò ní 1787. Nítorí pé ó fi òfin dí àwọn ọkọ̀ Amẹ́ríkà lọ́nà òwò, àwọn oníṣòwò erékùṣù náà kórìíra rẹ̀. Òun náà kò sì fẹ́ràn ibẹ̀. Síbẹ̀ orúkọ rẹ̀ ni a fi ń pe ibùdó náà: Nelson's Dockyard. Ọdún mẹ́ta péré ni ti Nelson. Iṣẹ́ ẹrú kò dópin ní Áńtígúà títí di ọjọ́ kìíní oṣù kẹjọ ọdún 1834. Ìsọlórúkọ yìí kò bá ìtàn mu rárá.

Àwọn ọmọ ogun ojú omi fi ibẹ̀ sílẹ̀ ní 1889, ilé sì ń wó. Ní 1949 ni ìdílé Nicholson, ará Bìrìtìkó, gúnlẹ̀ síbẹ̀ nínú ọkọ̀ ìgbòkun wọn, Mollihawk. Àwọn àlejò olówó tí ń gbé ní erékùṣù náà bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n gbé àwọn kiri àwọn erékùṣù, wọ́n sì ń sanwó fún un. Láti inú èyí ni òwò fífi ọkọ̀ ìgbòkun háyà ti gbilẹ̀ níbẹ̀. Ní 1951 a dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀ láti tún àwọn ilé náà ṣe. Nígbà tí ó fi di ìparí àwọn ọdún 1960, ìdíje ọkọ̀ ìgbòkun ti ń wáyé níbẹ̀ lọ́dọọdún.

Ọ̀nà tí ọkọ̀ afẹ́ ń gbà dúró níbẹ̀ yàtọ̀ díẹ̀. Atukọ̀ a ju ìdákọ̀ró sí àárín omi, a fi ẹ̀yìn rìn lọ sí etí èbúté, a sì so ìdí ọkọ̀ mọ́ ilẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn ọmọ ogun ojú omi ti tẹ́ ẹ̀wọ̀n irin ńláńlá sí ìsàlẹ̀ omi rí, kí ọkọ̀ wọn lè dì í mú nígbà ìjì. Àwọn ẹ̀wọ̀n náà kò tí ì tán níbẹ̀. Ìdákọ̀ró a máa kọ́ wọn, a sì di dandan kí ẹni tí ó mọ omi wẹ̀ rì lọ sí ìsàlẹ̀ láti tú u. Ìjì pàápàá kò tí ì dẹ́kun: ti 1995, tí a ń pè ní Luis, ba nǹkan jẹ́ púpọ̀ ní erékùṣù náà.

Ní 2016 àjọ UNESCO fi ibẹ̀ sínú àkọsílẹ̀ ogún gbogbo ayé. Ó sọ ọ́ gbangba pé láìsí iṣẹ́ àwọn ọmọ Áfíríkà tí a sọ di ẹrú, ibùdó náà kì bá tí ṣeé kọ́. Orúkọ tí ó wà nínú àkọsílẹ̀ yẹn ni Antigua Naval Dockyard and Related Archaeological Sites. A kò dárúkọ Nelson níbẹ̀. Ní erékùṣù náà fúnra rẹ̀, orúkọ Nelson ṣì ni àwọn àlejò ń bá lẹ́nu ọ̀nà.