Ilé Báńkì Commerce ní Ìlú Dawson

Ní etí odò Yukon, ní ìlú Dawson tí ó wà lókè réré ní àríwá Kánádà, ni ilé pẹ́tẹ́ẹ̀sì tí Báńkì Commerce ti Kánádà kọ́ ní ọdún 1901 wà, èyí tí ìjọba orílẹ̀-èdè náà ti kà mọ́ àwọn ibi ìtàn pàtàkì rẹ̀.

Oṣù Kẹjọ ọdún 1896 ni wọ́n rí wúrà nínú odò kékeré kan tí wọ́n wá sọ ní Bonanza. Nígbà tí yóò fi di ọdún 1898, àwọn àjèjì tí wúrà ń pè ti ya bo ìlú náà bí eéṣú, wọ́n tó bí 30,000. Ìyẹ̀fun wúrà ni wọ́n ń ná lọ́jà nígbà náà, ìyẹ̀fun tí àwọn aláìṣòótọ́ ń lú pọ̀ mọ́ iyanrìn, tí díẹ̀ sì ń dànù nígbàkúùgbà tí a bá gbé e ka orí òṣùwọ̀n. Ní ọdún 1898 náà ni báńkì yìí dé, gẹ́gẹ́ bí aṣojú ìjọba tí ó ń gba ìṣákọ́lẹ̀ lórí wúrà. Nígbà tí wọ́n kọ́lé tán, òkè pẹ́tẹ́ẹ̀sì rẹ̀ ni yàrá wúrà wà, níbi tí iná ti ń yọ́ ìyẹ̀fun di bíríkì wúrà.

Igi ni gbogbo egungun ilé náà, nítorí ilẹ̀ ibẹ̀ dì gbagidi tòjò tẹ̀ẹ̀rùn, bí ó bá sì yọ́, ilé a fì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ṣùgbọ́n páànù tí a tẹ̀ ní àwòrán òkúta gbígbẹ́ ni wọ́n fi bò ó lára. Iná ti jó Dawson ní ọdún 1898 àti 1899, kí wọ́n tó kọ́ ilé yìí. Ilé ọba tó jó, ẹwà ló bù sí i. Lójú tèmi, páànù yìí ni ọlá ilé náà, nítorí ó fi hàn pé bí ọ̀pọ̀ awawúrà tilẹ̀ ti ṣí lọ sí Nome ní Àláskà láti ọdún 1899, àwọn tí ó kù ń kọ́lé ọlọ́jọ́ pípẹ́.

Akéwì Robert Service ṣe akọ̀wé báńkì náà níbẹ̀ láti ọdún 1908 títí ó fi fi iṣẹ́ sílẹ̀ ní ọdún tí ó tẹ̀ lé e.

Ní ọdún 1953, ìlú Whitehorse gba ipò olú ìlú agbègbè Yukon lọ́wọ́ Dawson. Ní ọdún 2023 ni àjọ UNESCO ka Tr'ondëk-Klondike, tí Dawson wà nínú rẹ̀, mọ́ ogún gbogbo ayé, ó sì tọ́ bẹ́ẹ̀, nítorí a kò lè ròyìn ilé wúrà kí a fi àwọn onílẹ̀ sílẹ̀: àwọn Tr'ondëk Hwëch'in, tí Olóyè Isaac kó kúrò níwájú ìrọ́gìrì àwọn àjèjì lọ sí Moosehide, ní ìsàlẹ̀ odò.