Kí Kọnkéré Tó Bò Ó

Aago mẹ́fà àárọ̀ ku díẹ̀, ọjà Mile 12, Èkó. Àwọn ọkọ̀ tó kó tòmátì wá láti Òkè Ọya ti ń já ẹrù, alábàárù ń sáré kọjá. Mo nawọ́ sí àtíbàbà ìyá kan tó ń to ata. "Ẹ kú àárọ̀ mà. Ṣé mo lè ya àtíbàbà yín?" "Àtíbàbà nìkan o. Má ya ojú mi." Mo yà á. Ọparun àti tàpólì ni. Bí wọ́n bá tú u lọ́la, ta ló máa mọ bí wọ́n ṣe so ó?

Aago mẹ́jọ, Ìkòsì. Ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì tí mo yàwòrán rẹ̀ ni. Ọ̀sán la ó da kọnkéré dẹ́kìn, nítorí náà àárọ̀ yìí nìkan ni írọ́ọ̀nù ṣì wà lójútáyé. Mo ya gbogbo ibi tó ti pàdé òpó, mo na téépù sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ kó lè hàn bó ṣe jìnnà síra tó. Inú kámẹ́rà ni mo ti rí i pé írọ́ọ̀nù kan sùn gbalaja lórí pátákó: bisikíìtì tó yẹ kó gbé e sókè ti yọ. Bí a bá da kọnkéré bẹ́ẹ̀, abẹ́ írọ́ọ̀nù yẹn ò ní rí nǹkan bò ó. Ọ̀rinrin Èkó á dé ibẹ̀, írọ́ọ̀nù á dípẹtà, ìpẹtà á wú, kọnkéré á sì máa já bọ́. "Ẹnjiníà, ẹ jẹ́ ká tún un ṣe," ni ẹni tó ń di írọ́ọ̀nù wí, ó sì ti bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀.

Ọ̀sán gangan, Kétu. Oòrùn wà látàrí, òjìji ò sí, fọ́tò ilé ò lè dùn. Mo lọ jẹun.

Àdúgbò yìí ni onífọ́tò J.D. 'Okhai Ojeikere gbé, tó sì ti ṣiṣẹ́, títí ó fi kú ní oṣù Kejì 2014. Kì í ṣe ayàwòrán-ilé, àmọ́ èmi ò mọ olùkọ́ tó dára jù ú lọ fún ayàwòrán-ilé tó fẹ́ mọ nǹkan í wò. Ó ra kámẹ́rà Brownie ní 1950. Láti 1968 ló ti ń ya irun àwọn obìnrin Nàìjíríà ní dúdú àti funfun, púpọ̀ láti ẹ̀yìn orí, títí wọ́n fi fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 1,000. Ọ̀kan nínú wọn, ti 1975, ni Onílé Gogoro tàbí Àkàbà. Òmíràn ń jẹ́ Eko Bridge. Ìlú ń kọ́ ilé gíga àti afárá, àwọn onídìrí ń fi òwú kọ́ tiwọn sórí. Kò sí èyí tí wọn ò tú nínú irun wọ̀nyẹn. Fọ́tò wọn dé Paris ní 2000, ó dé Venice ní 2013.

Aago márùn-ún, Ìkòsì. Wọ́n ti dà á tán. Ó tẹ́jú, írọ́ọ̀nù ò sí mọ́.

Aago mẹ́jọ alẹ́. Mo tẹ fọ́tò jáde, mo kọ nọ́ńbà òpó kọ̀ọ̀kan sẹ́yìn rẹ̀. Ẹ̀dà kan wà fún mi, ọ̀kan fún onílé: púlọ́mbà tó bá fẹ́ lu dẹ́kìn yẹn lọ́jọ́ iwájú gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ wò ó.