Fífi Ara Ẹni Hàn àti Kí A Fi Ni Hàn: Òfin, Ìtàn-Àròsọ Ajẹmọ́-Sáyẹ́ǹsì àti Ìfẹ́ Ọkùnrin sí Ọkùnrin ní Agbègbè Ìkẹjà àti Agége

Ìfáàrà

Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2014 ni Ààrẹ Goodluck Jonathan buwọ́ lu òfin tó ka ìgbéyàwó akọsákọ àti abosábo léèwọ̀ ní Nàìjíríà. Ní ọdún kan náà ni Lagoon, ìtàn-àròsọ ajẹmọ́-sáyẹ́ǹsì tí Nnedi Okorafor kọ, jáde. Ìlú Èkó ni ìtàn náà ti ṣẹlẹ̀, ẹgbẹ́ àwọn ọ̀dọ́ tí irú òfin bẹ́ẹ̀ ń bá wí sì wà lára àwọn ẹ̀dá ìtàn rẹ̀. Ọdún mẹ́rin lẹ́yìn èyí, ọlọ́pàá kó ọkùnrin 57 ní ilé ìtura kan ní Ẹ̀gbẹ́dá, tí kò jìnnà sí Agége.

Ìbéèrè kan ṣoṣo ni ìwé náà àti ẹjọ́ Ẹ̀gbẹ́dá jọ gbé dìde: ta ló ní ẹ̀tọ́ láti sọ ohun tó wà lọ́kàn ènìyàn di mímọ̀ fún aráyé? Nínú ìwé, ẹni tó ni àṣírí ló pinnu láti tú u. Ní Ẹ̀gbẹ́dá, ẹlòmíràn ló ní àṣírí wà, òun náà ló sì gbé e síwájú kámẹ́rà. Àpilẹ̀kọ yìí yẹ ìyàtọ̀ yìí wò, nítorí pé inú rẹ̀ ni ìtàn ìfẹ́ ọkùnrin sí ọkùnrin ní agbègbè yìí wà.

Òfin tó ti Òkèèrè Wá

Ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ. Àwọn tó ń gbè lẹ́yìn òfin 2014 sábà máa ń sọ pé àṣà òyìnbó ni irú ìfẹ́ yìí. Ṣùgbọ́n òfin tó kọ́kọ́ fi ìyà jẹ ẹ́ ní orílẹ̀-èdè yìí gan-an, ọ̀dọ̀ òyìnbó ló ti wá. Samuel Griffith ló kọ ìwé òfin ìwà ọ̀daràn fún Queensland ní Ọsirélíà, wọ́n sì fọwọ́ sí i ní 1899. Ìjọba amúnisìn mú irú rẹ̀ wọ Àríwá Nàìjíríà ní 1904, ó sì di ti gbogbo Nàìjíríà ní 1916. Abala 214 rẹ̀ fi ẹ̀wọ̀n ọdún 14 lélẹ̀ fún ìbálòpọ̀ tí ó pè ní èyí tó lòdì sí ìṣẹ̀dá. Abala 217 fi ẹ̀wọ̀n ọdún mẹ́ta lélẹ̀ fún ìwà àìtọ́ láàárín ọkùnrin méjì, ìbáà jẹ́ ní gbangba tàbí ní kọ́lọ́fín. Queensland fúnra rẹ̀ dẹ́kun fífi ìyà jẹ irú ìbálòpọ̀ bẹ́ẹ̀ ní 1990.

Òfin 2014 fẹ ju èyí lọ. Ẹ̀wọ̀n ọdún 14 ni fún ẹni tó bá wọnú irú ìgbéyàwó bẹ́ẹ̀. Ẹ̀wọ̀n ọdún mẹ́wàá sì ni fún ẹni tó bá dá ẹgbẹ́ sílẹ̀, tó bá wà nínú ẹgbẹ́, tàbí tó bá fi irú ìfẹ́ bẹ́ẹ̀ hàn ní gbangba, yálà tààrà tàbí lọ́nà ẹ̀bùrú. Ẹni tó bá ràn wọ́n lọ́wọ́ pàápàá kò bọ́ nínú rẹ̀. Ohun tí ọkùnrin méjì fi ara ṣe ni òfin 1916 ń lépa. Òfin 2014 fi kún un: ó ń lépa bí ìfẹ́ náà ṣe hàn, ó sì ń lépa àwọn tó yí i ká.

Láti Yàrá Òṣìṣẹ́ dé Ọjà Fóònù

Ìwọ̀-Oòrùn ni Ìkẹjà wà títí di ọjọ́ 27 oṣù karùn-ún ọdún 1967, nígbà tí wọ́n dá Ìpínlẹ̀ Èkó sílẹ̀. Ilé-iṣẹ́ ńláńlá ti ń fìdí múlẹ̀ níbẹ̀ ṣáájú ìgbà náà. Guinness bẹ̀rẹ̀ sí í pọn ọtí ní Ìkẹjà ní 1962. Àwọn òṣìṣẹ́ tó tú wá láti ìlú òkè gba yàrá sí Agége, Muṣin àti àyíká wọn, nínú ilé tí ìlẹ̀kùn yàrá wọn kọjú sí ara wọn. Ògiri létí nínú irú ilé bẹ́ẹ̀. Síbẹ̀, bí ọkùnrin méjì tí kò tíì gbéyàwó bá jọ san owó yàrá kan, tí wọ́n sì jọ sùn lórí ẹní kan, aráalé kò rí ohun ìjọlójú níbẹ̀. Owó ilé wọ́n, alájọgbé ni wọ́n.

Èdè náà fi ààbò bo irú ìgbé ayé bẹ́ẹ̀. Ọ̀rẹ́, alájọgbé, imùlẹ̀: ọ̀rọ̀ wọ̀nyí gba ìfaramọ́ tó jinlẹ̀ láàárín ọkùnrin láàyè láìbéèrè ohun tó wà nídìí rẹ̀. Ní ìdà kejì, orúkọ tí ìgboro fi ń pe ọkùnrin tó fẹ́ ọkùnrin, èébú ni. Ohun tí a fi ara ṣe ló ń tọ́ka sí, kò mẹ́nu ba ìfẹ́ rárá. Nípa bẹ́ẹ̀, ìfẹ́ náà lè gbé lábẹ́ orúkọ ọ̀rẹ́, ṣùgbọ́n bí ó bá jáde síta, èébú ló ń dúró dè é lẹ́nu ọ̀nà.

Agbègbè náà yí padà. Ní 2008, Dunlop dẹ́kun ṣíṣe táyà ní Ìkẹjà. Nígbà náà, ọjà kọ̀ǹpútà àti fóònù ti gbilẹ̀ ní òpópónà Ọ̀tígbà. Fóònù fún àwọn tó ń fìfẹ́ pamọ́ ní yàrá tí kò ní ògiri: wọ́n lè bára wọn sọ̀rọ̀ láìsí alájọgbé tó ń gbọ́. Ṣùgbọ́n fóònù náà ni pàkúté. Ohun tí ìgboro ń pè ní kito, kí ẹnìkan díbọ́n bí olólùfẹ́ lórí fóònù, kó tan ẹlòmíràn wá, kó lù ú tàbí kó gba owó lọ́wọ́ rẹ̀, di ewu ojoojúmọ́. Ẹni tí wọ́n jà lólè báyìí kò lè fẹjọ́ sun ọlọ́pàá, nítorí òfin lè mú òun náà.

Àjèjì láti inú Òkun

Inú Èkó tó kún fún fóònù yìí ni Lagoon ti ṣẹlẹ̀. Okorafor ti sọ pé inú tó bí òun sí bí fíìmù District 9 ti 2009 ṣe ya ọmọ Nàìjíríà wà lára ohun tó sún òun kọ ọ́. Àwọn àjèjì láti òde ayé já sínú òkun nítòsí Bar Beach. Aṣojú wọn gbé àwọ̀ obìnrin wọ̀, wọ́n sì pè é ní Ayọ̀délé. Ó lè pa ara dà di ohun tó bá wù ú.

Black Nexus ni orúkọ ẹgbẹ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ akọsákọ, abosábo àti irú wọn tó wà nínú ìwé náà, ìkọ̀kọ̀ ni wọ́n sì ti ń pàdé. Jacobs, ọ̀kan nínú wọn, ń fi aṣọ obìnrin wọ̀ láìjẹ́ kí àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ mọ̀. Nígbà tí àwọn ọmọ ẹgbẹ́ rí fídíò orí fóònù níbi tí Ayọ̀délé ti ń pa ara dà, wọ́n pinnu pé àkókò tó láti jáde sí gbangba. Àwọn àgbà ní àlejò lójú, ṣùgbọ́n kò fi ríran. Okorafor yí òwe yìí po: ojú àlejò yìí ni onílé fi rí ara rẹ̀. Bí ẹni tó ti òde ayé wá bá lè rìn ní ìgboro Èkó ní àwọ̀ tó wù ú, kí ló dé tí ọmọ onílẹ̀ fi ní láti fara pamọ́?

Ìwé náà kò ṣèlérí ìtẹ́wọ́gbà. Rúkèrúdò gba ìlú kan. Bẹ́ẹ̀ ni kò fi ìfẹ́ ọkùnrin méjì ṣe òpó ìtàn. Ẹgbẹ́ ló gbé dìde. Ọkùnrin méjì pàtó ni Babatunde Apalowo gbájú mọ́ nínú fíìmù rẹ̀, All the Colours of the World Are Between Black and White, tó gba àmì-ẹ̀yẹ Teddy ní Berlin ní 2023. Kò sí àjèjì láti òde ayé níbẹ̀. Bambino ń fi alùpùpù jíṣẹ́ kiri Èkó. Bawa ń ya fọ́tò. Kámẹ́rà tún wọ inú ọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n ọwọ́ ẹni tó ń fìfẹ́ woni ló wà.

Ẹjọ́ Ẹ̀gbẹ́dá

Ní oṣù kẹjọ ọdún 2018, ọwọ́ ọlọ́pàá ni kámẹ́rà wà. Ọlọ́pàá ní ayẹyẹ ìgbaniwọlé sínú ẹgbẹ́ akọsákọ ni wọ́n bá nílé ìtura náà. Lára àwọn tí wọ́n mú ní àríyá ọjọ́ ìbí ni àwọn wá ṣe. Kí ilé-ẹjọ́ tó gbọ́ ohunkóhun, wọ́n ti tò wọ́n síwájú àwọn oníròyìn, ojú wọn sì ti dé orí íntánẹ́ẹ̀tì. Àwọn kan sọ lẹ́yìn náà pé ìdílé àwọn kọ àwọn sílẹ̀.

Nígbà tó yá, wọ́n gbé 47 nínú wọn lọ sí Ilé-Ẹjọ́ Gíga Ìjọba Àpapọ̀ ní Ìkòyí. Ẹ̀sùn náà ni pé wọ́n fi ìfẹ́ akọsákọ hàn ní gbangba. Gbogbo wọn ní àwọn kò jẹ̀bi. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2020, Adájọ́ Rilwan Aikawa fagi lé ẹjọ́ náà nítorí pé olùpẹjọ́ kò ṣe ojúṣe rẹ̀ bó ti yẹ. Kò sí ẹ̀rí tí a yẹ̀ wò dópin, kò sì sí ìdájọ́ lórí òfin fúnra rẹ̀.

Kókó tó yẹ kí onítàn dì mú nìyí. Fífi nǹkan hàn ní gbangba ni ẹ̀sùn náà, ṣùgbọ́n nínú ilé ìtura ni àwọn ọkùnrin náà wà. Ọlọ́pàá ló kó wọn dé gbangba.

Àgbálọgbábọ̀

Láti 1916 títí di òní, òfin ti sún láti orí ohun tí ọkùnrin méjì ṣe nínú yàrá dé orí bí wọ́n ṣe hàn sí aráyé. Ìtàn-àròsọ ajẹmọ́-sáyẹ́ǹsì gbé ọ̀rọ̀ náà gba ọ̀nà mìíràn: ó bi wá bí ìlú yóò ṣe rí bí ènìyàn bá lè yan ọjọ́ tí yóò fi ara rẹ̀ hàn, àti ẹni tí yóò fi hàn. Iṣẹ́ kan wà níbẹ̀ fún àwọn onímọ̀ èdè Yorùbá pẹ̀lú. Èdè tó ní ọ̀rẹ́, alájọgbé àti imùlẹ̀ kò ṣaláìní ọ̀rọ̀ fún ìfaramọ́ ọkùnrin méjì. Ohun tó kù ni ọ̀rọ̀ kan tó lè jáde síta láìdi èébú. Títí di ìgbà náà, òfin 2014 ṣì wà nílẹ̀, àwọn ọkùnrin 47 náà kò sì rí ilé-ẹjọ́ kankan tó sọ fún ìlú pé wọn kò jẹ̀bi.