Ọ̀mì nínú ayò ọlọ́pọ́n àti lójú kọ̀ǹpútà

Ọ̀mì ni ayò tí ẹnikẹ́ni kò borí. Ojú ọpọ́n jẹ́ 12, ọmọ ayò jẹ́ 48. Bí kálukú bá kó 24, ọ̀mì dé. Ní Ilé-Ifẹ̀ àti káàkiri ilẹ̀ Yorùbá, ọ̀ta ti ń rí i kó tó dé. Bí àwọn méjèèjì bá ti jẹ 23, tí ọmọ méjì tó ṣẹ́ kù wá ń lé ara wọn yí ọpọ́n po láìbára wọn, wọn a dá a dúró, kálukú a mú ẹyọ kan.

Kọ̀ǹpútà kò ní ojú inú yẹn. Èyí tí ń ta ṣẹ́ẹ̀sì a máa fún ipò kọ̀ọ̀kan ní máàkì. Òdo ni ti ọ̀mì. Bí ipò kan bá fẹ́ wáyé lẹ́ẹ̀kẹta, èyí tó lè sọ ayò náà di ọ̀mì, ẹni tó ń borí yóò sá fún un, ẹni tí ọwọ́ ìyà bà yóò sáré wá a.

Iṣẹ́ tí wọ́n ṣe lórí ayò ló jọni lójú jù. Ní 2002, John Romein àti Henri Bal ti Vrije Universiteit ní Amsterdam fi kọ̀ǹpútà yanjú awari, ọmọ ìyá ayò wa. Láti ìparí ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀: ipò ọlọ́mọ kan, ọlọ́mọ méjì, títí dé 48; gbogbo ipò náà lé ní bílíọ̀nù 889. Bí ipò kan bá padà wá, wọ́n pín ọmọ tó kù sí méjì ọgbọọgba. Èsì rẹ̀: bí ẹnikẹ́ni kò bá ṣì í ta, ọ̀mì ni. Àmọ́ òfin awari kò bá ti gbogbo ọ̀ta ilẹ̀ wa mu délẹ̀.