Àlọ́ Àpagbè: Ìdájọ́ ní Ẹnu Ọmọdé

Kékeré ni a ti ń pa ẹkàn ìrókò. Bí ó bá dàgbà tán, apá kì í ká a mọ́. Lórí òye yìí ni àwọn baba wa gbé ẹ̀kọ́ ilé kà, àlọ́ sì jẹ́ ọ̀kan pàtàkì nínú irinṣẹ́ tí wọ́n fi ń ṣe iṣẹ́ náà. Gbogbo wa ni a gbà pé àlọ́ ń kọ́ ọmọ ní òtítọ́, ní àánú àti ní ṣíṣe ìtọ́jú ohun tí a bá fi sí i níkàáwọ́. Ohun tí a kì í sábà bèèrè ni ọ̀nà tí ó ń gbà kọ́ ọ, àti ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí ọ̀nà náà nígbà tí àlọ́ kúrò ní àgbàlá tí ó bọ́ sínú ìwé.

Oríṣi méjì ni àlọ́: àpamọ̀, tí ó jẹ́ ìbéèrè tí ń fẹ́ ìdáhùn, àti àpagbè, tí ó jẹ́ ìtàn olórin. Alẹ́ ni a máa ń pa wọ́n. Èèwọ̀ ni àlọ́ ọ̀sán, nítorí iṣẹ́ ni ọ̀sán wà fún. Bí àgbà bá ti ké pé "Àlọ́ o!", tí àwọn ọmọ sì dáhùn pé "Àlọ̀!", wọ́n ti di elégbè. Láti ìgbà náà lọ, ìtàn kò lè dé òpin láìsí ohùn wọn.

Ẹ jẹ́ kí a mú àlọ́ kan tí ó gbajúmọ̀ wò. Yánníbo, ìyàwó Ìjàpá, ń wá ọmọ. Ìjàpá lọ bá babaláwo, èyí sì se àsèjẹ fún un pé kí ó gbé e fún ìyàwó rẹ̀, kí òun fúnra rẹ̀ má ṣe tọ́ ọ wò. Òórùn àsèjẹ ta sí i nímú lójú ọ̀nà. Ó tọ́ ọ wò, ó sì jẹ ẹ́ tán. Nígbà tí ikùn rẹ̀ ń wú, ó sáré padà sọ́dọ̀ babaláwo, ó ń fi orin bẹ̀bẹ̀, ó sì ń purọ́ nínú orin náà pé òun kọsẹ̀ ni, pé ọwọ́ ni òun ṣèèṣì fi kan ẹnu.

Ibí yìí gan-an ni ọgbọ́n àwọn àgbà wà. Apàlọ́ kò sọ pé irọ́ kò dára. Àwọn ọmọ tí ń gbe orin náà ti mọ òtítọ́. Bí wọ́n ti ń gbè é ni wọ́n ń fi Ìjàpá rẹ́rìn-ín. Ẹnu wọn ń gbè é, ọkàn wọn ń dá a lẹ́bi. Wọ́n sì rí i pé ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ ju ọ̀kánjúwà lọ: ó jẹ ohun tí a fi rán an sí ẹlòmíràn, kò sì ṣàánú obìnrin tí ojú ń pọ́n.

Ní ọdún 1894, A. B. Ellis, ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì kan, tẹ díẹ̀ nínú àlọ́ wa jáde ní èdè Gẹ̀ẹ́sì. Lẹ́yìn èyí ni ìwé kíkà ilé ẹ̀kọ́ gbòde. J. F. Ọdúnjọ (1904–1980) kọ ọ̀wọ́ ìwé Aláwìíyé, tí ọ̀pọ̀ ìran fi mọ Yorùbá kà. Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1955, ètò ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ní Ìwọ̀-Oòrùn, ìwé sì dé ọwọ́ ọmọ tálákà. Ní 1973, Adéboyè Babalọlá gbé Àkójọpọ̀ Àlọ́ Ìjàpá jáde. Bí kì í bá ṣe irú iṣẹ́ báyìí, ọ̀pọ̀ àlọ́ ni ìbá ti bá àwọn àgbà wọlẹ̀ lọ.

Ṣùgbọ́n a san nǹkan kan fún un. Nínú yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́, ọ̀sán ni a ń ka àlọ́; orin wà nínú ìwé, ẹnikẹ́ni kò gbè é. Ní ìparí, olùkọ́ a béèrè ẹ̀kọ́ tí ìtàn náà kọ́ wa, ọmọ a sì kọ èyí tí ó ti há sórí. Ó lè kọ ọ́ pé olè jíjà kò dára, kí ó gba máàkì, kí ó sì jí pẹ́ńsílì ẹnìkejì rẹ̀ kí aago tó lù.

Àwọn kan tilẹ̀ ní kí a yọ Ìjàpá kúrò, nítorí pé ó ń kọ́ ọmọ ní màkàrúrù. Òótọ́ ni pé ó máa ń mú un jẹ nígbà mìíràn. Ṣùgbọ́n ọmọ tí kò bá rí òpùrọ́ nínú àlọ́ yóò pàdé rẹ̀ lọ́jà, kò sì ní í dá a mọ̀.

Agbára ohùn kì í ṣe kékeré. Àwọn ènìyàn wa tí a kó lẹ́rú lọ sí Kúbà kò gbé ìwé dání. Síbẹ̀, nígbà tí Lydia Cabrera tẹ àkójọ ìtàn ahun jáde ní 1971, Ayapá ni ó pè é: Àjàpá wa náà ni. Ẹnu ni ó gbé e kọjá òkun.

A kò ní kí a sọ ìwé nù. Kí a kà á sókè létí ọmọ, kí a dá orin, kí ọmọ gbè é. Bí a bá parí, kí a má ṣe yára sọ ẹ̀kọ́ inú rẹ̀. Kí a dákẹ́ díẹ̀, kí a gbọ́ ìdájọ́ tí ọmọ náà yóò dá.