Láti Asọ̀rọ̀mágbèsì dé Mẹ́mọ̀rì Káàdì

Tí ẹ bá wọ kórópe ní Ìkòtún, tí ẹ ń lọ sí Ìjẹ̀gùn, kí ẹ tó sọ̀kalẹ̀, ẹ máa gbọ́ nǹkan bíi mẹ́ta. Dírẹ́bà ti ki fláàṣì bọ rédíò ọkọ̀, fújì ló ń dún. Ọmọbìnrin tó jókòó tì yín ti fi iápíìsì dí etí, orí rẹ̀ ń mì, ṣùgbọ́n òun nìkan ló mọ ohun tó ń gbọ́. Lẹ́bàá títì, ìyá aláta kan gbé rédíò kékeré sórí àpótí. Mẹ́mọ̀rì káàdì ló wà lára rẹ̀, wáàsí tí ọmọ rẹ̀ bá a dà sí i ló ń ti ibẹ̀ jáde. Kò sẹ́ni tí èyí ń yà lẹ́nu mọ́.

Ọ̀pọ̀ ẹni tó ń sọ ìtàn bí orin ṣe di ohun tí ènìyàn ń kì bọ àpò, ìlú Tokyo ni wọ́n ti máa ń bẹ̀rẹ̀, lọ́dún 1979, pẹ̀lú Walkman. Àwa ò ní bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀. Ìdí ni pé ohun tí Walkman wà fún yàtọ̀ sí ohun tí àwọn òbí wa fi ẹ̀rọ orin ṣe. Wọn ò kàn fi gbọ́ orin, wọ́n fi gba ohùn sílẹ̀. Ohun tí wọ́n gbà sílẹ̀ yẹn sì ti ń bàjẹ́ lọ lábẹ́ ibùsùn wa báyìí.

Ẹ jẹ́ ká padà sẹ́yìn díẹ̀. Lọ́dún 1922, Àlùfáà Josiah Jesse Ransome-Kuti, bàbá bàbá Fẹlá, lọ kọrin 43 sínú àwo fún ilé iṣẹ́ Zonophone ní Lọ́ńdọ̀nù. Wọ́n wà lára orin Yorùbá tó kọ́kọ́ wọ inú àwo. Giramafóònù ni wọ́n fi ń gbọ́ irú àwo bẹ́ẹ̀ nígbà náà. Èyí tó ṣeé gbé kiri nínú rẹ̀ dà bí àpótí aṣọ: wọn á ṣí ìdérí, wọn á fi ọwọ́ yí irin ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ títí tó fi máa le, wọn á wá gbé abẹ́rẹ́ lé àwo. Kò nílò iná mànàmáná rárá. Ṣùgbọ́n àwo ayé ìgbà náà kì í gba ìjábọ́. Tó bá bọ́ sílẹ̀, ó fọ́ nìyẹn.

Ní 1935, ìjọba amúnisìn gbé Rediffusion wọ Èkó. Wọ́n á fa wáyà wọ ilé ènìyàn, wọ́n á kan àpótí mọ́ ògiri, onílé á sì máa san owó rẹ̀. Kò sí pé ẹ ń wá ibòmíì lórí ẹ̀rọ yẹn. Ohun tí wọ́n bá fi ránṣẹ́ lẹ máa gbọ́. Orúkọ tí Yorùbá fún rédíò bá àpótí yìí mu gan-an: asọ̀rọ̀mágbèsì, ẹni tó ń sọ̀rọ̀ tí kì í gba èsì.

Lẹ́yìn náà ni rédíò já wáyà. Ní 1947, àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ ní Bell Labs, Amẹ́ríkà, ṣe transistor, ohun kékeré tó rọ́pò àwọn gílóòbù ńlá inú rédíò. Nígbà tó di 1954, Regency TR-1 dé orí àtẹ, rédíò tó wọ àpò, tó ń fi bátìrì ṣiṣẹ́. Nígbà tí irú rẹ̀ tàn dé ọ̀dọ̀ wa, àgbẹ̀ ń gbé e lọ sóko, télọ̀ ń gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ máṣíìnì. Orin ti wá ń bá ènìyàn rìn. Síbẹ̀, asọ̀rọ̀mágbèsì náà ṣì ni.

Kásẹ́ẹ̀tì ló kọ́kọ́ gbèsì.

Ní 1963 ni ilé iṣẹ́ Philips fi kásẹ́ẹ̀tì han aráyé ní Berlin. Lou Ottens, ọmọ ilẹ̀ Netherlands, ló ṣáájú àwọn tó ṣe é. Wọ́n ní kí iṣẹ́ náà tó bẹ̀rẹ̀, ó gé pátákó kékeré kan tó wọ àpò kóòtù rẹ̀, ó ní ẹ̀rọ táwọn máa ṣe ò gbọdọ̀ tóbi ju ìyẹn lọ. Kékeré rẹ̀ dára, àmọ́ kì í ṣe òun ló yí ayé wa padà. Ohun tó yí i padà ni pé ẹni tó bá ní rédíò kásẹ́ẹ̀tì lè tẹ bọ́tìnnì pupa pọ̀ mọ́ èyí tí wọ́n fi ń gbọ́ orin, ohùn tó wà nínú yàrá á sì wọ inú tápè. Kò dìgbà tí ènìyàn bá lọ sí Lọ́ńdọ̀nù bíi Ransome-Kuti.

Àwọn èèyàn wa sì tẹ̀ ẹ́ dáadáa. Òde ìsìnkú ni o, òde ìkómọ ni o, ẹ óò rí ẹni tó gbé kásẹ́ẹ̀tì sítòsí gbohùngbohùn. Oníwákà, onífújì tàbí alápàlà á kọrin mọ́jú, á máa ki àwọn èèyàn lórúkọ, títí kan ìdílé àti àdúgbò wọn. Irú eré bẹ́ẹ̀, ilé iṣẹ́ rẹ́kọ́ọ̀dù kankan ò gbé e jáde. Wọ́n gba wáàsí oṣù Ramadan sílẹ̀, wọ́n gba ìwàásù sílẹ̀, wọ́n gba ẹsẹ Ifá lẹ́nu bàbá arúgbó. Ìyá tí ọmọ rẹ̀ wà lókè òkun, tí kò mọ̀wé kọ, á sọ̀rọ̀ sínú kásẹ́ẹ̀tì, á fi rán ẹni tó ń lọ. Èsì á tún padà wá pẹ̀lú kásẹ́ẹ̀tì. Bí tápè bá kún, tí ihò kékeré méjì ẹ̀yìn rẹ̀ sì ti ṣí sílẹ̀, wọ́n á ki bébà bọ̀ ọ́, wọ́n á tún gba nǹkan míì lé e lórí.

Ìgbà yìí la wá dé Tokyo. Masaru Ibuka, ọ̀kan nínú àwọn méjì tó dá Sony sílẹ̀, ń fẹ́ ohun tí á máa fi gbọ́ orin nínú bàálù. Sony ti ní ẹ̀rọ kékeré kan, Pressman, tí àwọn oníròyìn fi ń gba ohùn sílẹ̀. Wọ́n mú un, wọ́n yọ ibi tó ń gba ohùn sílẹ̀ kúrò, wọ́n tún un ṣe kí orin lè dún sí etí méjèèjì. Ní ọjọ́ kìíní oṣù keje ọdún 1979, wọ́n gbé e jáde ní Walkman.

Ẹ dúró níbẹ̀ yẹn ná. Ohun tí wọ́n yọ ni ohun tí àwọn òbí wa fẹ́ràn jù lára ẹ̀rọ!

Akio Morita, ọ̀gá Sony, náà rò pé kò bójú mu kí ẹnì kan máa dá orin gbọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹlòmíì. Ìdí nìyẹn tí Walkman àkọ́kọ́ fi ní ihò iápíìsì méjì, pẹ̀lú bọ́tìnnì aláwọ̀ ọsàn tí wọ́n á tẹ̀ tí ẹni méjì bá fẹ́ bára wọn sọ̀rọ̀. Ẹ ò rí i pé bíi Yorùbá ló rò? Ṣebí níbí náà, ọmọ tó di etí, tó kọjá lára àgbà láì kí i, ọ̀rọ̀ ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Àmọ́ àwọn tó ra Walkman fẹ́ dá gbọ́ tiwọn. Nígbà tó yá, ihò kejì pòórá.

Walkman dé ọ̀dọ̀ wa náà. Ẹni tó ti òkè òkun bọ̀ ló sábà máa ń mú un wálé. Kí bátìrì má bàa tètè tán, ẹni tó bá fẹ́ dá orin padà á ki bírò bọ ihò kásẹ́ẹ̀tì, á máa yí i. Bátìrì tó bá sì ti ń kú lọ, wọ́n á sá a sóòrùn, bóyá á tún lo ọjọ́ kan sí i.

Lẹ́yìn ìyẹn, nǹkan yára. CD dé ní 1982, èyí tó ṣeé gbé kiri tẹ̀ lé e ní 1984. Ní 1995, àwọn olùwádìí Fraunhofer ní Jámánì fún iṣẹ́ ọlọ́dún gbọọrọ wọn lórúkọ: MP3. Ohun tó ń ṣe ni pé ó ń yọ ohun tí etí ò ní fura sí kúrò nínú orin, títí orin á fi kéré tó nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́wàá. Ẹ̀rọ MPMan jáde ní South Korea ní 1998. Ní oṣù kẹwàá 2001, Apple gbé iPod jáde, orin 1,000 nínú àpò kan, ní dọ́là 399.

Ọdún 2001 yẹn kan náà, ní oṣù kẹjọ, ni fóònù GSM bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Nàìjíríà. Ọ̀pọ̀ nínú wa ò fọwọ́ kan iPod rí. Fóònù ló di iPod tiwa. Ní ọjà Àlàbá International, Òjó, tí kò jìnnà púpọ̀ sí Ìjẹ̀gùn, MP3 sọ CD tí orin bí 15 ń kún tẹ́lẹ̀ di èyí tó ń gba orin tó lé ní 100. Nígbà tí mẹ́mọ̀rì káàdì kéékèèké dé, ẹni tó ní kọ̀ǹpútà kan lábẹ́ agboòrùn ti ní ṣọ́ọ̀bù. Ẹ máa gbé káàdì fún un, ẹ máa sọ ohun tí ẹ fẹ́, á dà á sí i, ẹ máa sanwó. Tẹ́ ẹ bá délé, ẹ máa fi Bluetooth tàbí Xender pín in fún ọ̀rẹ́. Orin tún ti di ohun tí à ń fi lé ara wa lọ́wọ́, bíi kásẹ́ẹ̀tì.

A ò ní purọ́: olórin ló ń jìyà rẹ̀. Ìjọba ológun ti ṣe òfin ẹ̀tọ́ àdàkọ láti 1988, síbẹ̀ àdàkọ ò dáwọ́ dúró. Àwọn olórin kan tiẹ̀ ń sanwó kí orin wọn lè wọ inú míìsì Àlàbá, torí ibẹ̀ ni gbogbo ìlú ti máa gbọ́ wọn. Nítorí náà, nígbà tí Boomplay dé ní 2015, tí Spotify tẹ̀ lé e wọ Nàìjíríà ní 2021, ìrètí dé fún olórin pé òun náà á rí nǹkan gbà. Inú wa dùn sí ìyẹn. Ní 2022, Apple kéde pé iPod ti parí.

Àmọ́ ẹ wo ohun tó padà wálé. Owó oṣooṣù tán, orin tán. Dátà tán, orin dákẹ́. Ohun tí wọ́n bá fi ránṣẹ́ la máa gbọ́, tí wọ́n bá yọ ọ́, ó lọ. Asọ̀rọ̀mágbèsì ni, ó kàn wọ aṣọ tuntun ni. Ohun tó burú jù ni pé eré òde ìkómọ bàbá yín ò sí lórí áàpù kankan. Ohùn ìyá àgbà tó ń kí ọmọ rẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù ò sí níbẹ̀. Inú kásẹ́ẹ̀tì nìkan ló wà, kásẹ́ẹ̀tì náà sì wà nínú báàgì Ghana-Must-Go, ooru àti ọ̀rinrin ń jẹ ẹ́. Sony fúnra rẹ̀ ti dáwọ́ Walkman kásẹ́ẹ̀tì dúró ní Japan láti 2010. Ẹ̀rọ tó lè ka tápè yẹn ń dín kù lójoojúmọ́.

Iṣẹ́ náà ò le. Ẹ wá rédíò kásẹ́ẹ̀tì kan tó ṣì ń ṣiṣẹ́ lọ́dọ̀ àwọn tó ń tún ẹ̀rọ ṣe. Ẹ fi òwú àti spirit nu orí irin tó ń kan tápè. Ẹ fa wáyà láti ihò iápíìsì rẹ̀ sí ihò tí kọ̀ǹpútà fi ń gba ohùn, kí ẹ ṣí Audacity, tí kò gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ yín. Tápè tó bá ti bu, tí nǹkan funfun hù sí i, ẹ má kì í bọ ẹ̀rọ. Ẹ yà á sọ́tọ̀. Kò sí ọ̀nà àbùjá: kásẹ́ẹ̀tì oníṣẹ́jú 90 á gba ìṣẹ́jú 90. Ẹ pe àgbà ilé kan kó jókòó tì yín bó ṣe ń dún, kó máa sọ fún yín ta ló ń kọrin, òde ta ni, ọdún wo ni, ta ni wọ́n ń kì. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. Ẹ̀rọ lè gba ohùn sílẹ̀ fún wa, àmọ́ àgbà yẹn nìkan ló mọ ẹni tó ni ín.